Ìjàpá Kí Àwọn Ọ̀tá Kú Ibùba

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀.

Ẹ dáhùn dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, ohùn yín wá dà bí ti ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dára. Àlọ́ mi yí gbirigbiri láti orí òkè, ó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó fò pìrì wọ inú koóko, kò sì balẹ̀ sórí ẹlòmíràn bí kò ṣe orí Ìjàpá. Kí ló dé tí Ìjàpá kì í fi í dáhùn bí a bá kí i? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí ó dákẹ́, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni ó sì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Abídoyè kí ó jáwọ́ nínú ẹ̀pà, kí a lè máa lọ.

Ní ayé àtijọ́, ìlú méjì wà tí odò kékeré kan là láàárín. Ìdí-Ọ̀pẹ ni ìlú àwọn ẹran kéékèèké. Ibẹ̀ ni Ehoro ń gbé, ibẹ̀ ni Òkéré ń gbé, ibẹ̀ ni Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ń gbé, Ìgalà sì ni ọba wọn. Òkè-Ìgbẹ́ ni ìlú àwọn ẹran abara ńlá. Ogun wà láàárín ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ogun tí wọ́n fi ń dáná sun ilé ni. Ogun iṣu ni. Àwọn mẹ́rin kan láti Òkè-Ìgbẹ́ ni yóò wá ba sínú koóko ní ìdí igi àràbà, níbi tí ọ̀nà oko gbé ṣẹ́ kọ́rọ́. Bí ará Ìdí-Ọ̀pẹ kan bá ti gbé ẹrù dé ibẹ̀, wọn á fọn fèrè, wọn á fò jáde, wọn á gba agbọ̀n, wọn á sì forí lé ọ̀nà ilé wọn. Ó parí. Bí wọ́n ṣe ń jagun nìyẹn.

Ìkookò ni olórí wọn. Àwọn mẹ́ta tó ń tẹ̀lé e ni Ẹfọ̀n, Òòrẹ̀ àti Ìmàdò. Fìlà abetí-ajá ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń dé lọ sógun, kí ẹni tó bá rí wọn lókèèrè lè tètè mọ irú ẹni tí òun fẹ́ sá fún.

Ará Ìdí-Ọ̀pẹ ń fara dà á bẹ́ẹ̀ títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ wá le. Ẹ̀bù ni wọ́n ní láti kó lọ sí oko báyìí, ẹ̀bù iṣu tí wọn yóò gbìn, ìdí àràbà sì ni ọ̀nà gbà. Ẹni tó bá gba iṣu jíjẹ lọ́wọ́ rẹ, oúnjẹ òní ló gbà. Ẹni tó bá gba ẹ̀bù lọ́wọ́ rẹ, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ló gbà, àti ti àwọn ọmọ rẹ. Ìyá Ọ̀yà, opó tó ní ọmọ mẹ́jọ, kò lè sùn mọ́. Agbọ̀n ẹ̀bù mẹ́ta péré ló kù fún un, ó sì ti kà wọ́n títí àwọn ọmọ náà fi ń bá a kà á.

Ọba Ìgalà pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní, "Ẹni tó bá lè mú ẹ̀bù wa kọjá ìdí àràbà, òun ni n ó fi jẹ Balógun. Ọjọ́ tí ẹ̀bù ìkẹyìn bá wọ ilẹ̀ ni n ó fi ewé akòko lé e lórí."

Etí Ìjàpá nà. Ẹ gbọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìjàpá, kò joyè rí. Bí wọ́n bá ń pín ẹran ní ààfin, wọn á pe olóyè kìíní, wọn á pe ìkejì, wọn á pè títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀ ojúde, kí wọ́n tó rántí pé Ìjàpá wà níbẹ̀. Egungun ló sì máa ń kàn án, egungun tí ẹlòmíràn ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Ó máa ń dùn ún. Ó máa ń dùn ún dé inú ìkarahun. Oyè yìí wù ú ju oúnjẹ lọ, ẹ̀yin sì mọ bí oúnjẹ ṣe máa ń wu Ìjàpá.

Ó gba ilé Ehoro lọ, nítorí ẹrù Ehoro ni wọ́n gbà kẹ́yìn.

"Ehoro, kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń gba agbọ̀n lórí rẹ?"

"Kí ni wọn ìbá sọ? Ìkookò fọn fèrè, Ẹfọ̀n gba agbọ̀n, Òòrẹ̀ ń tiro lẹ́yìn."

"Ìmàdò ńkọ́?"

"Ìmàdò ní, 'Ẹ ṣeun o. Ẹ kú ìtọ́jú wa.'"

"Ìwọ wá wí pé kí ni?"

"Mo ní kò tọ́pẹ́. Ṣé kí n máa wò ó ni?"

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó mọ àwọn ará Òkè-Ìgbẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè kó iṣu rẹ tán pátápátá, ṣùgbọ́n wọn á kí ọ kí wọ́n tó máa lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí a bá kí tí kò dáhùn, a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ nílé. Wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ìyá wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá ní kí àwọn tó ru ẹ̀bù dúró sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní kí Ehoro, Òkéré àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà so ẹ̀ka igi mọ́ ìdí. Òun nìkan mú ọ̀pá, ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ kí àna. Ó dé ìdí àràbà. Koóko pa rọ́rọ́, ewé kan kò mì. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní:

"Ẹ kú ibùba o, ẹ̀yin àgbà."

Ohùn kan ti inú koóko jáde wá. "Òo. Ẹ kú ìrìn o."

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pàà. Ìkookò ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá Ìmàdò lẹ́nu.

"Ta ló ní kí o dáhùn?" Ìkookò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó kí wa ni."

"Ṣé o kò mọ̀ pé ibùba la wà ni?"

"Mo mọ̀. Ohun tó fi kí wa náà nìyẹn."

Ìjàpá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì. "Mo gbọ́ pé ẹnìkan níbí bí ọmọ tuntun. Ẹ kú ewu ọmọ o."

Ẹfọ̀n ni ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ó ti di ọjọ́ mẹ́jọ, inú ogun yìí ni ó sì wà, kò tíì rí ẹni tí yóò bá a yọ̀. Ó gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ ọmọ kọjá ohun tí a ń gbé mì.

"Ewu iná kì í pa àwòdì o," ni Ẹfọ̀n dáhùn, gbogbo koóko sì mì. "Ọkùnrin ni. Ó jọ mí lójú àti nímú."

"Yóò dàgbà o. Òòrẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń san, a dúpẹ́," ni Òòrẹ̀ wí láti ìdí òkúta. "Ẹ̀gún ló gún mi."

Òòrẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ẹ̀gún ni ẹ̀gún gún. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ara ẹni ni a ti ń mọ ìrora.

Ìkookò nìkan ló kù. Inú ti bí i débi pé ó ń já koóko jẹ. Ìjàpá dúró, ó mí kanlẹ̀, ó sọ ohùn rẹ̀ di ti ẹni tó ń káàánú.

"Ó ku ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà níbí. Ọkà tó rò káàkiri ìlú, àwa tó wà lódìkejì odò gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ẹ kú ìnáwó o. Òkú báyẹn, ojú wa kò rí irú rẹ̀ rí."

Ìkookò fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Àwọn àbúrò rẹ̀ jẹ ọkà náà tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n bá tiwọn lọ, kò sí ẹnìkan tó ní ó ṣeun. Omi lé ròrò sí i lójú, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ̀ kúrò lẹ́nu.

"Ẹ ṣeun o," ni Ìkookò wí. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tí mo ṣe."

Mẹ́rin ni wọ́n, Ìjàpá sì ti mọ ibi tí oníkálukú jókòó sí. Ó yí padà sí ọ̀nà ilé, ó lọgun:

"Ẹ̀yin igba tó wà lápá ọ̀tún, ẹ má tíì ta ọfà. Mẹ́rin péré ni wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀ọ́dúnrún tó wà lápá òsì, ẹ jókòó yín, kò kàn yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé wá fi wọ́n kọ́ṣẹ́."

Bó ṣe sọ báyìí ni Ehoro, Òkéré àti àwọn mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yípo lẹ́yìn òkè pẹ̀lú ẹ̀ka igi nídìí. Òjò ẹyọ kan tó rọ̀ kò pa eruku. Eruku sọ, ó bo ojú ọ̀run. Ehoro ń kígbe pé, "Ṣé ká máa bọ̀ ni, àbí ká dúró de àwọn tó kù?" Ìkookò gbọ́ pé àwọn kan ṣì kù, kò dúró béèrè iye wọn. Ó fò dìde, Ẹfọ̀n tẹ̀ lé e, Òòrẹ̀ gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ìmàdò ló kẹ́yìn. Ó sáré dé etí odò, ó rántí, ó yíjú padà.

"Ó dàbọ̀ o," ni Ìmàdò wí.

"Ẹ kílé o," ni Ìjàpá dá a lóhùn.

Fìlà mẹ́rin, fèrè kan àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọn kò tíì jẹ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìjàpá jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ó ní òun ń wò ó bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Ó wò ó tán pátá.

Ìlú yọ̀. Wọ́n gbé Ìjàpá sí èjìká, Yánníbo ń sunkún ayọ̀ lẹ́yìn. Ó kọ́ gbogbo ìlú ní ọgbọ́n náà, pé ẹni tó bá dé ìdí àràbà kí ó kọ́kọ́ kí koóko kí ó tó kọjá. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ru ẹ̀bù lọ, koóko kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, nítorí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń pe Ìjàpá ní Balógun ọ̀la. Ìrìn rẹ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí pé kò lè yára. Ní báyìí, ó ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí pé ó jẹ́ ẹni ńlá.

Ní ọjọ́ kẹfà, èrò kan sọ sí i nínú. Bí ogun bá tán pátápátá, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi Balógun ṣe? Ọba lè gbàgbé. Ìlú lè ní àlàáfíà ti dé, kí oníkálukú máa lọ sí oko rẹ̀. Egungun ni wọn ó tún máa pín kan òun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀bù tó ń kọjá lójú rẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, ẹ̀bù tó funfun nínú, tó bá rí iná díẹ̀ àti epo díẹ̀... Itọ́ dà sí i lẹ́nu.

Ó kó fìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ìdí àràbà. Ó ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ nínú koóko, ó dé wọn ní fìlà, ó so okùn mọ́ wọn. Bó bá fa okùn, àwọn fìlà á máa mì bí orí àwọn tó ń gbìmọ̀ ìkà. Ó wá mú kèrègbè tí ìdí rẹ̀ ti lu, ó ti ẹnu bọ̀ ọ́. Ohùn tó ti ibẹ̀ jáde tóbi ju Ẹfọ̀n lọ.

Ehoro ló kọ́kọ́ kó sí i. Ó dé ibẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ibùba o." Kò gbọ́ ìdáhùn. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kò séwu. Ó gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, fìlà mẹ́rin ló dìde nínú koóko. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìwọ tó ń ru ẹ̀bù lọ sóko,
*Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.*
Igba ọkùnrin ló wà ní koóko,
*Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.*
Bí o bá wẹ̀yìn, orí rẹ á lọ,
*Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.*
Bí o bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ á lọ,
*Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.*
Fi epo díẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́,
*Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.*

Ehoro sọ ọ́ kalẹ̀. Kò ní epo lọ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì kó tó sá. Lọ́jọ́ kejì, Òkéré ni. Òkéré ní epo. Lójoojúmọ́ ni Ìjàpá ń sun ẹ̀bù jẹ nínú koóko. Nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀, á nu ẹnu, á lọ bá ẹni tí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ kú ewu o. Ẹ ò rí nǹkan? Ìlú tí kò ní Balógun kò ní alátìlẹ́yìn." Á gba ibẹ̀ kọjá sí ààfin.

"Kábíyèsí, àwọn ọ̀tá ti padà. Ẹ má dúró de ẹ̀bù ìkẹyìn mọ́. Ẹ fi mí jẹ oyè, kí n lè lé wọn."

"Ọ̀tunla," ni Ọba wí. "N ó fi ọ́ jẹ ẹ́ lọ́tunla."

Ìjàpá délé, kò lè jókòó. Ó ní kí Yánníbo wo orí òun, bóyá ewé akòko máa dúró lórí rẹ̀ àbí yóò yọ̀. Yánníbo ní orí náà ń dán díẹ̀, yóò yọ̀. Ìjàpá fi eérú pa á.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìjàpá sílẹ̀ níbi tó ti ń pa eérú sórí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gba agbọ̀n lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀yà. Ìyá àgbà náà ti ru ọ̀kan débi oko láyọ̀. Ìkejì ni wọ́n gbà yìí. Ẹyọ kan ló kù fún ọmọ mẹ́jọ. Ó ń sunkún bọ̀ títí ó fi dé ààrin ọ̀nà, ẹkún sì dá lójú rẹ̀ lójijì. Kò lọ sílé mọ́. Ààfin ló gbà lọ.

"Kábíyèsí, fìlà Òkè-Ìgbẹ́ ni mo rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ará Òkè-Ìgbẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀, Ìyá Ọ̀yà?"

"Mo kí wọn kú ibùba, wọn ò dáhùn. Mo kí wọn kú òòrùn, wọn ò dáhùn. Ìmàdò ì bá ti dáhùn kí n tó kí i tán. Kábíyèsí, ta ni nínú ayé yìí tó mọ̀ pé ẹni tó bá ba síbùba kò gbọdọ̀ dáhùn bí a bá kí i?"

Ọba Ìgalà mi orí títí. "Ẹni tó kọ́ wa ni," ni Ọba wí.

"Ṣùgbọ́n bí a bá dédé wọ koóko, yóò ní òun ń ṣọ́ ọ̀tá ni. Yóò rí irọ́ kan pa. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ jáde."

Nígbà tí ọjọ́ ìjoyè pé, Ìjàpá ní kí òun jẹ ẹ̀bù kan sí i kí òun tó di olóyè, nítorí olóyè kì í jẹun nínú koóko. Ó wọ ibùba rẹ̀ láàárọ̀, ó di okùn mú. Kò pẹ́, ó rí Ìyá Ọ̀yà àti Òkéré tí wọ́n ń bọ̀. Agbọ̀n ìkẹyìn wà lórí ìyá. Ìjàpá kò rí Ọba, kò sì rí gbogbo ìlú tí wọ́n ba sẹ́yìn àràbà.

"Ẹ kú ibùba o," ni Ìyá Ọ̀yà wí.

Ìjàpá rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, ṣé èmi tí mo kọ́ yín lẹ fẹ́ fi èyí mú?

"Ẹ kú òòrùn o."

Ìjàpá dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú oúnjẹ o."

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí fẹ́ mú un díẹ̀, nítorí ẹ̀bù sísun wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì, ó dákẹ́. Ó na ọwọ́ sí kèrègbè kí ó lè bẹ̀rẹ̀ orin. Ìyá Ọ̀yà sọ agbọ̀n kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

"Òkéré ọmọ mi, ó dá mi lójú pé kò sẹ́nìkan níbí. Jẹ́ kí n sinmi. Ṣé òní kọ́ ni Balógun ń jẹ oyè?"

"Òní ni, Ìyá."

"Mo délé rẹ̀ láàárọ̀ kí n lè ṣàdúrà fún un, n ò bá a. Àdúrà ọ̀hún ṣì wà lẹ́nu mi, ó sì wúwo. N ó kúkú ṣe é síbí." Ó gbé ọwọ́ sókè. "Oyè tí wọ́n fẹ́ jẹ lónìí, oyè náà á mọ́rí o. Ẹni tó jẹ ẹ́ á pẹ́ lórí rẹ̀. Òun ni wọn ó máa kọ́kọ́ bu ẹran fún."

Koóko dákẹ́. Kíkí, a lè gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n àdúrà tí kò sẹ́ni tó ṣe àṣẹ sí, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń kọjá lè ṣà á.

"Òkéré," ni Ìyá Ọ̀yà wí, "àdúrà náà kò ní aláṣẹ o. Kò dára kó ṣòfò. Ẹran tútù, ìpín kìíní, ṣé kò wù ọ́? Bí o bá fẹ́, ìwọ ṣe àṣẹ sí i, kó di tìrẹ."

Òkéré nu ẹnu. Ó gbé orí sókè. Ó la ẹnu.

"Àṣẹ!" ni ohùn kan ké láti inú kèrègbè. "Àṣẹ, àṣẹ, èmi ni mo ni í! Òkéré, pa ẹnu rẹ dé!"

Ìjàpá ti fò dìde, okùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mi orí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé àwọn náà ń ṣe àṣẹ. Ó wo ọ̀tún, ó rí Ehoro. Ó wo òsì, ó rí gbogbo ìlú. Ọba Ìgalà jáde láti ẹ̀yìn àràbà, ewé akòko wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Balógun," ni Ọba wí, "ẹ kú ibùba."

"Kábíyèsí, ẹ wò ó, mo ti lé wọn lọ, fìlà wọn ló kù."

"Iṣu sísun tó wà lẹ́nu rẹ ńkọ́?"

"Ti wọn ni, Kábíyèsí. Mo ń wò ó bóyá májèlé wà níbẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nígbà náà, nítorí eérú iná ọjọ́ mélòó kan wà níbẹ̀, èèpo ẹ̀bù sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ni. Ehoro mọ èèpo tirẹ̀. Yánníbo bo ojú.

Ọba ní kí wọ́n ṣí àká Ìjàpá. Ẹ̀bù tó kó jọ fún oko ara rẹ̀ ni wọ́n kó jáde, Ìyá Ọ̀yà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún, agbọ̀n méjì fún ẹyọ kan. Òkéré gba tirẹ̀, Ehoro gba tirẹ̀. Ohun tó kù fún Ìjàpá kò kún igbá. Lọ́dún yẹn, ọ̀dọ̀ ọmọ kẹjọ Ìyá Ọ̀yà ni ó ti máa ń tọrọ iṣu jẹ.

Níbi ìdí àràbà náà ni Ọba ti fi ewé akòko lé Ìyá Ọ̀yà lórí. Ó ní ẹni tó mú ẹni tó ń ja ìlú lólè ni Balógun. Ìyá Ọ̀yà ní òun ti dàgbà, òun kò mọ ogun í jà. Ọba ní kò sí wàhálà, ìwọ̀nba ogun tó wà nílẹ̀ yìí, ẹnu la fi ń jà á. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Oyè á mọ́rí o."

Gbogbo ìlú ṣe àṣẹ. Ìjàpá náà la ẹnu, ó ti mọ́ ọn lára. Ó rántí. Ó gbá ẹnu ara rẹ̀ mú, ó fa orí wọ inú ìkarahun, ó fa ọwọ́ wọlé, ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ Ìyá Ọ̀yà yí i ká, àwọn mẹ́jọ, wọ́n ń kí i: "Balógun, ẹ kú oyè o." Kò dáhùn. Wọ́n kan ìkarahun rẹ̀ kó-kó-kó, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o." Kò dáhùn.

Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí ẹ bá pàdé Ìjàpá lọ́nà, ẹ kí i wò. Ẹ kí i kú àárọ̀, ẹ kí i kú ìrìn, ẹ ṣàdúrà fún un pàápàá. Orí rẹ̀ ni yóò fà wọlé, kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan títí ẹ ó fi kọjá. Ẹ má rò pé kò gbọ́ yín. Ó gbọ́. Ìtìjú ló ń dá a lẹ́kun.

Ibi tí mo ti ru àlọ́ mi nìyẹn, ibi tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá fi irọ́ pa á, kí ẹ kí mi kú ẹnu, kí ohùn mi há bí ti Ìjàpá. Bí n kò bá sì purọ́, kí n dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ kí mi.

Ẹ kú ẹnu o.

Òo. Òo. Òo.